Sìgá Kan Lórí Òkè Àrẹ

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti gé ọkùnrin jẹ lápá rí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní. Ọ̀sán gangan ni, nínú pálọ̀ bàbá mi ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, lójú àlejò. Bí wọ́n bá tún gbé apá ọ̀hún wá síwájú mi láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú bí eyín mi ṣe kù díẹ̀ yìí, màá tún gé e jẹ.

Ó ku ọdún kan ká gba òmìnira nígbà náà. Télọ̀ ni bàbá mi, ọrùn agbádá ló máa ń ṣe ọnà sí, ó sì tún jẹ́ álífáà. Ìyá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi nìkan ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pariwo lé adìẹ, wọ́n ní èmi ni mo gba ẹnu tiẹ̀ mọ́ tèmi nígbà tí mò ń bọ̀ wáyé. Akọ̀wé kan láti Èkó ló fẹ́ fẹ́ ẹ, bàbá wa sì ti jẹ́ hẹ̀n fún wọn. Ọkùnrin náà ga, ó mọ́ tónítóní, bàtà ẹ̀ ń dán bíi dígí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹ̀ débi pé tí wọ́n bá ti dárúkọ Èkó lásán, nǹkan ọwọ́ ẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Ìgbéyàwó ò ju oṣù mélòó kan lọ mọ́.

Wọ́n wá kí wa lọ́dún yẹn: ọkọ àfẹ́sọ́nà náà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin kan tó ń wo ilé wa bí ẹni ń wo ẹran tí kò ní í rà, àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọjọ́ kejì tí wọ́n máa dé ni ọdún Òkè'badan.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lọ́jọ́ Òkè'badan, iná ò gbọdọ̀ jó níbì kankan nílùú. Kò sí ààrò, kò sí àdògán, kò sí ìṣáná. Ẹ̀kọ tútù la máa ń jẹ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn èèyàn á gba títì pẹ̀lú àtòrì lọ́wọ́, wọ́n á máa kọrin èébú láti òwúrọ̀. Kò sí nǹkan abẹ́ ọkùnrin tàbí ti obìnrin tí wọn ò ní í dárúkọ. Ìjòyè ni o, olówó ni o, álífáà ni o, iwájú ilé ẹ ni wọ́n ti máa bú ẹ, o ò sì gbọdọ̀ bínú. Tó o bá bínú, ìwọ lo jẹ̀bi.

Orin yìí ló dẹ́rù ba bàbá mi. Ọdọọdún ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, tá a máa fi ọwọ́ di etí. Báwo wá ni àna ẹ̀ ṣe máa jókòó sínú pálọ̀ álífáà, tí wọ́n á máa ṣàlàyé ìdí álífáà níta? Ó ronú, ó ronú, ó wá ní ká kó àlejò gun Òkè Àrẹ lọ láàárọ̀, kí wọ́n lọ gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga orí òkè yẹn, kí wọ́n wo ìlú. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ níbí làwọn yẹn ti máa pariwo ara wọn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n." Bàbá mi ò tẹ̀ lé wọn rí láyé ẹ̀, níbo ló ti máa mọ̀ pé wọ́n máa ń gun òkè?

A gbéra. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, àpáta ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, tí mo sọ ní àǹtí Èkó, ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bú òkè, ó ń bú òkúta, ó ń bú ẹni tó ni ìmọ̀ràn náà. Nígbà tá a dé orí Láyípo, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́, ó ní, "Ẹ wo gbọ̀ngàn Mápó. Ilé wa ló wà lápá ọ̀tún yẹn."

Ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Èwo ni nínú gbogbo páànù tó dípẹtà yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi bá a rẹ́rìn-ín. Inú ti ń bí mi láti ibẹ̀ lọ.

A sọ̀ kalẹ̀, a jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Láyípo, mo tú ẹ̀kọ àti àkàrà àná sílẹ̀. Ọkùnrin náà wo oúnjẹ tútù yẹn, ó yínmú sí i, ló bá fa páálí sìgá yọ lápò àyà ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná. Ẹ fi òní sílẹ̀."

"Ta ló fẹ́ rí mi lórí òkè?" Ó ṣáná, ó fà á, ó tú èéfín jáde nímú.

Wọ́n ti rí i. Ọ̀nà ẹ̀yìn òkè làwọn olórin èébú gbà yọ, tàwọn ti àtòrì lọ́wọ́, ẹni tó ṣáájú fi èédú kun ojú, wọ́n ti kọrin débi pé ohùn ti há. Orin dáwọ́ dúró. Ojú-èédú ní, "Ta ló dáná lójú Òkè'badan?"

Ọ̀rẹ́ oníkámẹ́rà ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó fẹ́ ya wọ́n. Igi dún gbàù lórí ẹ̀. Kámẹ́rà fò, ó fọ́ lórí àpáta, ọ̀rẹ́ ṣubú lé e, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú ẹ̀. Wọ́n ń ta á nípàá, ó ń ké pé, "Èmi kọ́! Èmi kọ́!" Àǹtí Èkó ti kó sábẹ́ àtẹ̀gùn Láyípo, ìdí nìkan là ń rí.

Ojú-èédú wá kọjú sí ọkọ àfẹ́sọ́nà. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn rìn dé ara ògiri. Ó ju sìgá náà sílẹ̀, ibi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mò ń mu ún."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n mi tí èéfín ààrò lásán máa ń mú wúkọ́!

Àtòrì àkọ́kọ́ bà á léjìká, bùbá ẹ̀ ya. Òmíràn bà á ní ìbàdí. Òmíràn bà á lẹ́nu, mo sì rí i tí nǹkan funfun bọ́ sórí àpáta pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Kò ké. Mo fò mọ́ ẹnì kan lẹ́yìn, mo fà á létí bí ẹni fẹ́ fà á tu, ó gbé mi nù, ìgbọ̀nwọ́ mi bó lára òkúta. Mo he òkúta, mo sọ ọ́, ó bá ẹnì kan lórúnkún, òun náà yí mi ní ìfọ́tí tí mo fi rí ìràwọ̀. Nínú gbogbo ariwo yìí, mo wo ọkùnrin náà. Ẹ̀yìn ẹ̀ wà lára ògiri Láyípo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ. Kò sọ ọ́.

Àgbàlagbà kan nínú wọn ló pariwo pé, "Ó tó! Ọmọ álífáà télọ̀ ni!" Ìgbà yẹn ni ọwọ́ tó rọ̀. Wọ́n fi wá sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé orin wọn sọ̀ kalẹ̀.

Bá a ṣe wọlé ni bàbá mi dìde lórí ẹní. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kan ti dí, ètè ẹ̀ ti wú. Bàbá mi ní, "Lá ìláhà! Kí lẹ ṣe fún wọn?"

Kí n tó lanu, àǹtí Èkó ti ro ìró ẹ̀ mọ́dìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ yín ló ń mu sìgá. Òun fúnra ẹ̀ ló jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ìdílé tiwa ò lè gbé obìnrin tó ń mu sìgá sílé."

Àrà mérìíyìírí! Mò ń dúró kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń dúró, ó fi ojú kan tó ṣẹ́ kù wò ó. Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ó rí ẹrọ̀fọ̀ lára bàtà ẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà.

Ibẹ̀ ni mo ti gé e jẹ. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, apá ẹ̀ ni mo kàn rí lẹ́nu mi, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà lahọ́n mi, ó ń ké bí ẹran, ó ń gbá mi lórí, mi ò jù ú sílẹ̀. Nínú ìjàkadì yẹn ni páálí sìgá jábọ́ lápò àyà ẹ̀, tó fọ́n ká sórí ẹní ìkírun bàbá mi.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa àwọn sìgá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sórí itan ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ gba ẹrù yín. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Àsìkò yẹn gan-an làwọn olórin dé iwájú ilé wa. Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, bàbá mi sáré lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Bàbá mi wò ó, ó sì ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ láyà. Àwọn tó nà án wà níbẹ̀, Ojú-èédú gbé àtòrì ẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi nàka sí ọkùnrin náà nínú ilé, ó sì fi ètè tó wú yẹn dá orin:

"Ṣòkòtò ń bẹ, nǹkan inú ẹ̀ dà?"

Àdúgbò gbà á bí iná pápá. Ṣòkòtò ń bẹ, nǹkan inú ẹ̀ dà! Wọ́n kọ ọ́ sí i létí nígbà tó ń jáde, wọ́n kọ ọ́ tẹ̀ lé òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fi aṣọ di orí, títí wọ́n fi wọ mọ́tò. Kò sì gbọdọ̀ bínú. Bàbá mi jókòó, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gba orin náà nílẹ̀.

Nígbà tí ariwo jìnnà, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí ẹnu ẹ̀ o, ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ni. Mo ní kí n lọ gbé omi kaná, kí n fi jó ẹnu náà fún un, mo ti gbé ìkòkò kí n tó rántí. Iná ò sí ní gbogbo Ìbàdàn. Bàbá mi gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ẹ̀, ó sì fi omi tútù wẹ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò.