Ọ̀rọ̀ Màámi Lára Bọ́ọ̀dù

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tún ní kí n lọ bẹ bàbá díákónì. Kí n lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí kí ni? Ṣé nítorí pé mo fọ mọ́tò ẹ̀ dé ìdajì ni, àbí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ ara mi kọ sára bọ́ọ̀dù ara mi, níwájú ibi tí mo ti ń fọ mọ́tò ní Apo? CLEANSETH CAR WASH. Pupa lórí funfun. Ó sì rẹwà, ẹ jọ̀ọ́.

Màámi ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tá a wà ní kékeré ní Orozo, tí wọ́n bá ń wẹ̀ wá lẹ́yìnkùlé, wọ́n á da omi sí wa lórí, wọ́n á ní, "Cleanseth!" Wọ́n á dà á sí wa lẹ́yìn, "Cleanseth!" Àwa náà á máa pariwo ẹ̀ tẹ̀lé wọn, ọṣẹ á wọ̀ wá lójú, a ò ní dákẹ́. Inú àdúrà òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé Olúwa ń wẹ èèyàn mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rí i lára bọ́ọ̀dù mi, ìborùn ni wọ́n fi nu ojú.

Àfi bàbá díákónì. Màámi ló ń darí àdúrà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá yìí ló sì ń yan ẹni tó máa darí. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo lọ gbé sínú ẹrẹ̀, pé tí bọ́ọ̀dù yẹn ò bá kúrò, kí màámi gbàgbé àdúrà dídarí.

Orí mi gbóná. Mo gbé fóònù, mo kà, mo kà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, mo kàn ń kàwé fúnra mi ni. Mo wá rí i pé ẹnu gbogbo èèyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn wà nílùú òyìnbó láyé àtijọ́. Wọ́n ń lò ó fún ewé tó ń fọ egbò, wọ́n ń lò ó fún àgbo tó ń fọ inú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́nà míì, ti àtijọ́ wá ṣẹ́kù sínú ìwé àti àdúrà. Egbò o! Ṣé ẹrẹ̀ Apo wá burú ju egbò lọ ni?

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá díákónì gbé mọ́tò wá pé kí n fọ̀ ọ́. Màámi náà dé pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn, kẹrosíìnì àti àkísà lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi nu ọ̀rọ̀ náà kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ọṣẹ ti bo mọ́tò látòkè délẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ nǹkan tí mo kà." Mo ròyìn ewé, mo ròyìn egbò.

Bàbá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Fóònù ti di wòlíì."

"Sà, mo kàn ní…"

"Panu ẹ dé! Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ọmọ yín? Obìnrin tí ò lè kọ́ ọmọ nílé, òun ló fẹ́ máa kó obìnrin jọ fún àdúrà?"

Màámi kúnlẹ̀. Nínú omi ọṣẹ! "Ẹ má bínú sà. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Mo ju fóòmù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ó dáa sà. Tó bá jẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ni cleanseth, ẹ pè é kó wá ṣan mọ́tò yín."

Mai-ruwa tó ń ti ọmọlanke omi ẹ̀ kọjá lọ ní, "Kai!" Ó dúró. Oòrùn ń ta, ọṣẹ ń gbẹ mọ́ mọ́tò lára, ó ń funfun bí ẹfun. Bàbá ń wò mí. Èmi náà ń wò ó.

Màámi ló dìde. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń da omi sí mọ́tò náà lórí, wọ́n ń dà á sí i lẹ́yìn. Mo fẹ́ gbà á, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọn ò pe cleanseth kankan. Wọ́n kàn ń dà á ni.

Látìgbà yẹn, ẹlòmíì ló ń darí àdúrà. Tí mo bá kí màámi, wọn kì í dáhùn. Kẹrosíìnì tí wọ́n gbé wá ṣì wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Wọn ò fi nu nǹkan kan, wọn ò sì gbé e lọ. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Màá jókòó, màá tún dìde. Màá mú àkísà, màá tún jù ú sílẹ̀.

Kí n lọ bẹ̀bẹ̀, àbí? Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá tiyín ló wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ yẹn, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?