Orin Tí Àǹtí Mi Kọ Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ilé wa ni àbúrò ìyá mi ti wọ inú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Gánà nígbà yẹn, àwòrán dúdú àti funfun. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, wọn a gbé ètò orin kan jáde láti Àkírà, olú-ìlú: akọrin kan á jáde, oníjó á tẹ̀lé e, aláwàdà á dá sí i, àwọn onífèrè á sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Nínú àwọn tí a mọ̀, oníṣòwò aṣọ kan ní Fante New Town, ní Kùmásì níbí, nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n. Ojú fèrèsé rẹ̀ ni ìyá mi gbé mi dúró sí lórí àpótí lọ́jọ́ tí Àǹtí kọrin. Orin Yorùbá ló kọ, èyí tí àwọn obìnrin Ìlọrin fi ń sin ìyàwó, àmọ́ àwọn onífèrè ti sọ ọ́ di háíláìfù. Àwọn tó yí fèrèsé ká ń pariwo pé, "Ọmọ Ààfáà tiwa ni!" Ààfáà náà, bàbá rẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí orin yẹn.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi débi pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Kí ni mo fẹ́ fi hàn? Àwọn tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn ní Àkírà sọ pé wọ́n ti gba nǹkan mìíràn sórí téèpù tí ètò náà wà.

Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ní Kùmásì kéde lọ́dún tó kọjá pé àwọn ń wá àwọn àgbà tó kọrin nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, inú mi dùn kọjá ààlà. Mo mú Àǹtí lọ. Wọ́n fi wá jókòó sínú yàrá kan tó tutù bíi yìnyín títí oòrùn fi yí. Ìgbà tí wọ́n wá pè é, olóòtú ètò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkóòtù pupa, bá a sọ Twi díẹ̀, ó sì ní kó kọrin.

Àǹtí gbé orin Yorùbá yẹn. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dúró ṣinṣin. Orí mi wú.

Kò tíì dé ibi ègbè tí olóòtú fi gbọ́wọ́ sókè.

"Maame, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀wọ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èyí." Ó ní kí wọ́n tẹ háíláìfù Twi kan tí ọkùnrin kọ. "Ẹ kàn máa la ẹnu bíi pé ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ìyẹn," Àǹtí dá a lóhùn.

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Maame."

"Èmi máa mọ̀."

Mo dìde. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń wá àwọn tó kọrin nígbà náà? Ohun tó kọ nìyẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Wọ́n ní kí Àǹtí jókòó sáàárín àwọn àgbà yòókù, kó máa pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ètò náà jáde, gbogbo ilé wa ní Moshie Zongo ló pé. Àǹtí yọ fìrí: ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó tán. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Mo bú olóòtú yẹn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àǹtí ń mu kókó rẹ̀, ògì gbígbóná, lọ.

"Ṣé kò dùn yín ni?" mo bi í.

"Ó dùn mí. Ṣé kí n wá sunkún sínú kókó ni?"

Ìdáhùn yẹn tún bí mi nínú sí i. Mo gbé fóònù mi jáde kí n lè fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún èmi."

"Ṣebí o wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Lónìí, ó ń ṣe àlùwàlá. Lọ́la, ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tó ń kùn ún níbi tó ti ń fọ abọ́. Kí n tó rí fóònù, ó ti dákẹ́. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, mo mọ ègbè rẹ̀. Àárín rẹ̀ ni mi ò mọ̀, òun nìkan ló sì kù nínú ẹbí wa tó mọ̀ ọ́n.