Atúnrán àti Oníbodè Orí Afárá

Télọ̀ ni, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Atúnrán. Wọn ò fi bú u. Bó ṣe rí ni wọ́n ṣe pè é. Bí ojú rírán kan bá yẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó lè rí i àfi òun, yóò tú gbogbo rẹ̀, yóò sì tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ní kì í parí iṣẹ́ bọ̀rọ̀, kò purọ́.

Ìwà yìí kan náà ló gbé wọnú géèmù. Ọ̀kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ìtàn obìnrin jagunjagun kan tó gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n gun òkè, kó lè dá a padà fún ìyá rẹ̀. Oníbodè àgbàlagbà kan ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bá wọn rìn, ó ń dápàárá, ó ń ráhùn orúnkún tó ń dùn ún. Bí wọ́n bá dé afárá tó wà ní ìpele kẹsàn-án, oníbodè á dúró dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọ̀tá, wọ́n á sì pa á. Ẹ̀ẹ̀meje ni Atúnrán ti dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèje ló padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, nítorí ó dá a lójú pé àṣìṣe tòun ló pa bàbá náà. Ìpele mọ́kànlá ni géèmù ọ̀hún ní. Kò fojú kan ìkẹwàá rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì. Kò mọ pádì géèmù í dì mú, ṣùgbọ́n kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, òun àti páálí bisikíìtì rẹ̀. Wọ́n ti wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìlú mìíràn, ìrìn odindi ọjọ́ kan. Bó ṣe ń di ẹrù, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Àbúrò mi, kí n tó lọ ní Sátidé, jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ọmọ yẹn délé."

"Ẹ máa rí i, Àǹtí mi. Mo ṣèlérí."

Ìlérí kì í wúwo lẹ́nu. Ní Sátidé, aago méjì ọ̀sán ni mọ́tò ń bọ̀. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó, àpótí mẹ́ta ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ara Atúnrán ò balẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ kì-kì-kì bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò pẹ́, wọ́n dé orí afárá. Oníbodè dúró, ó jà, ó ṣubú.

Ìka Atúnrán ti wà lórí bọ́tìnnì tí yóò dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Gbọ́wọ́ rẹ kúrò níbẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ò rí i ni? Okùn afárá tó wà lápá òsì ni mi ò gé, kí àwọn ọ̀tá lè já bọ́."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní apá ọ̀tún ni."

"Ìpele yìí nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó gé okùn òsì, oníbodè kú. Ó gé ọ̀tún àti òsì. Oníbodè kú, díẹ̀ ló kù kí jagunjagun bá a lọ. Ìgbà tó máa gbójú sókè, aago méjìlá ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pa páálí bisikíìtì dé.

"Ta ló sọ fún ọ pé àṣìṣe rẹ ló pa á?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ṣebí èmi ni mo mú pádì."

"Ní wọ́ọ̀dù wa, a máa ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe, a ò ní fo ọ̀kan. Èèyàn á ṣì kú. Bí a bá wá dúró ti ẹni tó kú, ta ni yóò fún ti bẹ́ẹ̀dì kejì lóògùn? Ọmọ yẹn wà lẹ́yìn jagunjagun lódìkejì afárá, ó ń dúró dè ọ́. Òtútù ń pa á."

Atúnrán wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀meje ló ti fi ọmọ náà sílẹ̀ sínú yìnyín, kò sì rò ó rí. Ó tẹ bọ́tìnnì kejì, ó tẹ̀síwájú.

Ẹni tó mọ òkúta ìpele mẹ́sàn-án níkọ̀ọ̀kan wá di àjèjì ní ìkẹwàá. Ìkookò lé e wọ ihò, ó lé e jáde.

"Ọ̀gá onígéèmù!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ajá lásán ló ń lé ọ kiri báyìí!"

"Ìkookò ni, Àǹtí mi. Ìkookò!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele ìkẹyìn ni mọ́tò fọn fèrè níta. Dírẹ́bà fọn ọ́n títí ó fi sú u, ó sì ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Màámi, ọ̀nà jìn o! Kí lẹ tún ń..." Ó rí òmìrán tó ń fi àáké lé jagunjagun náà. "Háà! Ọ̀gá, ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀! Ẹ̀yìn, mo ní ẹ̀yìn!"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ mú pádì ni?"

"Èmi náà kì í fẹ́ kí èrò kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Àmọ́ ẹ gba ẹ̀yìn!"

Ó gba ẹ̀yìn. Òmìrán wó lulẹ̀ gbì. Ilẹ̀kùn ilé kan ṣí lórí òkè, ìyá kan sáré jáde láìwọ bàtà. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn jagunjagun, ọ̀pá oníbodè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí ìgbà tó mú un.

"Ó délé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó délé, Àǹtí mi."

Wọ́n gbé àpótí sínú mọ́tò. Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó ní kó máa jẹun lásìkò, ó lọ.

Ilé wá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ géèmù ń bèèrè bóyá kí òun tún un bẹ̀rẹ̀. Atúnrán gbá èérún bisikíìtì, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Kò tó wákàtí kan, fóònù dún.

"O ti tún un bẹ̀rẹ̀, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ń gbọ́ bàbá yẹn tó ń ráhùn orúnkún."

Ohùn dírẹ́bà gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. "Ẹ bá mi sọ fún un kó gé okùn ọ̀tún!"

"Mi ò fẹ́ gé okùn kankan," ni Atúnrán wí. "Àǹtí mi, kò sóhun tí mo fẹ́ tún ṣe. Mo kàn fẹ́ bá a rìn díẹ̀ ni, kó tó dé afárá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí dírẹ́bà máa wo iwájú.

"Ó dáa. Bá mi kí i."

Atúnrán dẹ ìrìn jagunjagun náà sílẹ̀ kó lè bá ti arúgbó mu. Àmọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò gbà. Ó ṣì ń tẹ ilẹ̀, kì-kì-kì.