Òpó Ẹ̀yìn Ilé Ṣùáíbù

Ní Ugbonla, níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Ṣùáíbù, aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ọkọ̀ ẹja méjì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lè dé ojú òkun. Ó wá ri òpó gíga kan mọ́ ẹ̀yìn ilé. Bó bá ta aṣọ funfun mọ́ ọn, àwọn atukọ̀ mọ̀ pé oníbàárà ti dé, kí wọ́n máa bọ̀. Bó bá ta pupa, ìjì ló ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí ẹja ń rọ́ wọnú àwọ̀n bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè, Gàfárù àbúrò rẹ̀ gbójú sókè, ó rí funfun. Wọ́n ká àwọ̀n láìkún, wọ́n tukọ̀ títí apá fi ń ro wọ́n. Wọn kò bá oníbàárà kankan ní èbúté. Ṣùáíbù nìkan ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ṣòkòtò lásán, tó ń dúró kí aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ gbẹ.

Ó bi Mùínátù ìyàwó rẹ̀ pé ta ló ní kó sá aṣọ sórí òpó iṣẹ́. Obìnrin náà kò gbé ohùn sókè.

"Bàbá Láídì, ta ló sọ fún mi pé òpó iṣẹ́ ni? Mo rò pé ẹ ṣàánú àwa tí à ń fọṣọ ni."

Síbẹ̀, Ṣùáíbù kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí àdògán. Ó kàn pàṣẹ pé kó má sá funfun síbẹ̀ mọ́. Mùínátù gbọ́ràn. Ìró rẹ̀ pupa ló ń sá síbẹ̀.

Àwọn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìjì lábẹ́ oòrùn tó ń bó èèyàn láwọ̀. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Lọ́jọ́ tí Ṣùáíbù fọwọ́ ara rẹ̀ ta pupa, Jọọlá tó wà nínú ọkọ̀ kejì ní kí àwọn máa lọ sílé. Gàfárù rẹ́rìn-ín.

"Ìró ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Bó bá gbẹ, á ká a."

Jọọlá padà wálé. Òkun gbé Gàfárù, kò sì dá a padà.

Àwọn ẹbí fẹ́ di ẹ̀bi náà ru Mùínátù. Ṣùáíbù dìde láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn.

"Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, tí n kò sọ. Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀."

Ó mú àdá, ó gé òpó náà lulẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń ṣí láìjẹ́ pé gbogbo wọn pé sí èbúté láàárọ̀, àti atukọ̀ àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Á sọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọ́n máa dé. Á wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni mo wí?" Ẹni tí kò bá lè tún un sọ kò ní wọkọ̀. Bó bá kan àyè Gàfárù tí òkun gbé, òun fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. Kò sẹ́ni tó ń fìyẹn rẹ́rìn-ín.

Èyí tó kù ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, alùfáà ṣe wáàsí tán, Ṣùáíbù dìde, ó bi ìjọ pé kí ni alùfáà wí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Alùfáà ò bá a sọ̀rọ̀ títí ààwẹ̀ fi dé. Mùínátù náà ò jẹ́ kó sinmi. Bó bá rán an ní iyọ̀, á ní, "Bàbá Láídì, kí ni mo wí?" Ọkùnrin náà á sì dáhùn bí ọmọ ilé kéú.

Orí ẹní ló kú sí, nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín, kò sẹ́ni tó pe àwọn atukọ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn dé. Jọọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà opó.

"Ìyá Láídì, ọ̀nà Etikan là ń lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, a ó padà."

Mùínátù yọjú síta. Ó ní, "Kí lo wí?"

Jọọlá tún un sọ. Àwọn tó kù ń sọ tiwọn tẹ̀ lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan àyè Gàfárù, gbogbo wọn yíjú sí opó náà.

Mùínátù ló dáhùn.