Ọjọ́ Tí A Dọ̀bálẹ̀ Lórí Ọ̀sà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ẹni tó mọ omi nínú agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Omi tí a mọ̀ kò ju odò Kúdẹtì lọ, èyí tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ là kọjá lọ́gbẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi ní a ó lo ìsinmi ọdún náà nínú ọkọ̀ ìgbòkun, pé a ó yí ká àwọn erékùṣù orí ọ̀sà, ìyá bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé ilẹ̀ ti tán ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya. Lọ́dọọdún ni ọ̀rẹ́ náà ń mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, lẹ́yìn tí wọ́n ti wá ọmọ títí. Ọdún méjì ni mo fi ju ọmọ náà lọ. Àwọn bàbá méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n á máa jiyàn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, títí ìyá mi á fi pariwo pé oúnjẹ ti tutù. N kò tíì rí ọkùnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tí a sọ nù sórí omi.

Àwa àti ìdílé ọ̀rẹ́ bàbá mi la jọ wọ mọ́tò ní Ọjà'ba, ó di Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà. Bàbá arúgbó kan tó gbẹ bí ẹja yíyan ni atukọ̀ tí bàbá mi háyà. Nígbà tó rí agbádá bàbá mi, gèlè ìyá mi, àti bàtà tí a ti fi pólíìṣì nù títí tó ń dán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará òkè! Ṣé ìgbéyàwó ẹja lẹ ń lọ ni?"

Lẹ́yìn náà ló wá ṣe òfin fún wa. Ó ní, "Ẹni tó bá jókòó, kó jókòó. Lórí omi, ẹnu la fi ń kí èèyàn, a kì í fi ara kí i."

Gbogbo wa ní a ti gbọ́. A kò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé wa á mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ díẹ̀ kí àgbàlagbà kan nísàlẹ̀ Mápó, nítorí òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ sì wà nílẹ̀. Bàbá mi rí mi. Ó fà mí padà lọ bá bàbá náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí àgbà, ara mi kì í dúró dè mí mọ́.

Bí ẹ bá ní kí n sọ òtítọ́, ìsinmi náà kò fún ẹnikẹ́ni nísinmi. Oòrùn, èébì, àti ìjókòó lójú kan ni. Apá kan ìgbòkun ti ya, wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun lẹ̀ ẹ́. A ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn, a ń jẹ ẹja, à ń kí àwọn èèyàn, a tún ń padà sínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ etídò ń lúwẹ̀ẹ́ ká wa, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a di ọkọ̀ mú bí ẹni gun ẹṣin. Ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó ń ti ọwọ́ bọ omi, ó ń kọrin.

Lọ́jọ́ kẹta, afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ọkọ̀ ń rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Èmi náà ti sùn lọ. Ariwo atukọ̀ ló jí mi: "Ẹ kú ojú omi o, Baálẹ̀!" Mo lajú, mo rí bàbá arúgbó kan nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá òsì wa, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n na agboòrùn lé e lórí.

Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀.

Bàbá mi rí mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, òun náà dọ̀bálẹ̀. Àwọn ìyá wa kúnlẹ̀. Apá òsì kan náà ni gbogbo wa kọjú sí, nítorí ibẹ̀ ni àgbà wà. Ọkọ̀ tẹ̀, omi wọlé, gbogbo wa figbe ta. Nígbà tí ọkọ̀ padà dúró, ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀.

Kí a tó mọ ohun tí à ń wí, atukọ̀ ti bẹ́ sómi. Ó pẹ́ lójú mi kó tó yọ orí, ó sì fi ọrùn aṣọ fa ọmọ náà jáde. Ó dà á dojú bolẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ìgbà tí ọmọ náà wúkọ́ ni ìyá rẹ̀ tó lè sunkún. Baálẹ̀ dìde díẹ̀ lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, àyà rẹ̀ ti já. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ kí mi?"

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi bèèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ dìde?"

Ojú èmi àti bàbá mi ṣe mẹ́rin. Mo wolẹ̀. Bàbá mi ní, "Èmi ni."

"Ìkíni rẹ fẹ́ẹ̀ pa ọmọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Atukọ̀ sọ fún ọ, o gbọ́, o ṣì dìde."

"Má bínú."

"Má bínú ti kú."

Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ọ̀nà Òkè Ọya lọ. Bàbá mi kọ lẹ́tà títí, kò rí èsì. Kò bá mi wí rí. Àmọ́ kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Yàrá ló ń jókòó sí. Àwọn méjèèjì kú láìfojú kan ara wọn mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ pé ọmọ náà ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé Òkè Bọ́lá. Mo wá a lọ. Ìyá àgbà ni òun náà báyìí. A kí ara wa, a mu omi, mo ní, "Àbúrò, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe bàbá mi."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn yín ni mo jókòó sí. Ẹsẹ̀ yín ló gbá mi láyà tí mo fi ṣubú."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ta ló bi mí? Wọ́n dúró lé mi lórí, wọ́n ń bi ara wọn. Èmi tí mo ti inú omi jáde, kò sẹ́ni tó bi mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ mọ bàbá mi. Ká ní ó mọ̀ pé ọmọdé ló ṣe é, ì bá ti dárí jì yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú."

Nǹkan ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rọ ló ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà báyìí, ìgbòkun ti di àwátì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń kí mi láti orí àga, ojú wọn kò kúrò lára fóònù. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, kí ìyá wọn tó bèèrè ni wọ́n ti sọ ẹni tó ṣe é, bó ṣe ṣe é, àti ibi tó dúró sí. Àìlẹ́kọ̀ọ́ là ń pe ìyẹn. Èmi náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí. Akọ̀ròyìn ni mí tẹ́lẹ̀; ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bi ọlọ́pàá, olóṣèlú, àti àwọn tí ilé wọn jó ní ìbéèrè fún ìwé ìròyìn. N kò rántí pé mo bi ọmọdé kan rí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá àwọn ọmọ-ọmọ mi wí. Bí àbíkẹ́yìn wọn bá wá bá mi rojọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí tí kò nídìí, mo máa ń bọ́ awò ojú mi sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ títí yóò fi sọ tán.