Ọkọ Wa Dé

Bí ẹ bá bi gbogbo ilé yẹn léèrè, kò sẹ́ni tó máa ní Màmá Ẹnu-ọ̀nà burú. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, lórí àga onírọ́bà tó ti sán lẹ́sẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, rédíò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ǹṣì àlejò, iṣẹ́ ẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì ń ṣe é dáadáa, àfi tó bá ti fẹ́ràn ẹni náà. Bí ọmọkùnrin kan bá ti bá a gbé korobá omi, tó sì mọ̀ ọ́n kí, ó di "ọkọ wa" nìyẹn. Ọmọbìnrin tó wá wò á di "ìyàwó wa." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọbìnrin náà tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́nu ẹ̀ mú bí abẹ. Nígbà tí ọkọ wa tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú fóònù ẹ̀ wò, tó ń yan aṣọ tó máa wọ̀ fún un, ẹnu yẹn kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó sọ̀kalẹ̀ wá bá Màmá, tòun ti ìborùn nínú ooru.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọlé mọ́. Mo ti ní mi ò ṣe mọ́. Ó ní òun máa pa mí."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa pa ẹ́? Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn?"

Ọmọ náà tú ìborùn. Màmá rí ojú ìka lọ́rùn ẹ̀, ó sì gbójú kúrò.

"Tọkọtìyàwó ń jà, wọ́n á sì parí ẹ. Lọ sinmi."

"Mi ò lọ́kọ, mà," ni ọmọ náà wí, ó bá gòkè padà.

Ọ̀sán ni ọmọkùnrin náà dé, tòun ti ẹlẹ́rìndòdò tútù fún Màmá.

"Mà, mo wá bẹ ìyàwó mi ni. Ó tilẹ̀kùn mọ́rí, kò gbé fóònù mi."

Ó wá bẹ̀bẹ̀! Àfi bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ ò lè jáde lẹ́nu ìkà. Díẹ̀ ló kù kí omi bọ́ lójú Màmá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kúrò nínú ìdì ọrùn ẹ̀.

"Fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ o, ọkọ wa."

Kò pẹ́ tí igbe fi ta lókè. Obìnrin tó ń nulẹ̀ dá ọwọ́ dúró.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Wọ́n ń parí ẹ ni," ni Màmá wí, ó sì yí ohùn rédíò sókè. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Nígbà tí ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, kò kí i, kò sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà tí wọ́n fi dé yàrá ọmọ náà.

Ìyá ọmọ náà ló wá kó ẹrù: bàtà, ìwé, aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n ti lọ̀, àti korobá kan. Màmá ti sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú, ẹkún òótọ́ sì ni. Ó dìde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá ìyàwó wa."

Obìnrin náà gbé korobá kalẹ̀.

"Ìyàwó ta ni?"

Màmá fọwọ́ bo ìdì kọ́kọ́rọ́ ọrùn ẹ̀.

"Ọmọ mi ò lọ́kọ. Ta ló fún un lọ́kọ?"

Ó gbé korobá ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.