Àwòrán Tí Wọ́n Sọ̀ Kalẹ̀

Ikú bàbá rẹ̀ lọ́dún tó yẹ kí ó wọ yunifásítì kò mú Òkìkíọlá Ògúntádé tẹrí ba. Àwọn káfíńtà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin kì í fa ayùn. Ó mú ayùn, ó ń fà á. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Pápá Àjàó lẹ́ẹ̀mejì, ó ba fóòmù àti aṣọ jẹ́. Ó sá wọn sóòrùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó ní kí ó mú ọ̀kan nínú òun àti igi. Igi ni ó mú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama. Ọrùn rẹ̀ kò rọ̀ nígbà náà, kò sì rọ̀ títí di òní.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún inú ilé ṣe, kí ohun àtijọ́ àti ti ìgbàlódé lè jọ máa gbé láìjà. Lọ́dún tó kọjá, Múyìwá Ọlánípẹ̀kun wá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó pè é sí ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí Sùúrùlérè, ní ẹ̀gbẹ́ ilé mi. Ó fẹ́ kí pálọ̀ náà dà bí èyí tó rí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ti di ẹrù sínú àpótí, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà: bí pálọ̀ ọkọ òun bá di ti àlejò, Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú òun ni òun ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Òkìkíọlá fi ṣiṣẹ́. Ó kun ògiri ní funfun, ó fi iná kéékèèké sínú àjà. Kò ta àga ìrókò Bàbá Múyìwá. Ó fá a, ó dán an, ó fi aṣọ aláwọ̀ eérú bò ó, ó sì fi òfì rán ìrọ̀rí rẹ̀. Àwòrán Bàbá, tó wà lókè lábẹ́ àjà tẹ́lẹ̀, ni ó gbé kọ́ sí ọ̀gangan ojú ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lóde òní.

Ìyá wọlé, èmi náà tẹ̀lé e. Ó fọwọ́ pa àga, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rí àwòrán.

“Ọmọ yìí, kí ni Bàbá Múyìwá ṣe fún ọ tí o fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

“Màámi, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn báyìí,” ni Múyìwá wí.

“Ta ni ‘wọ́n’? Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ni? Ṣé kí àlejò máa wo bàbá rẹ lójúkojú bí ẹgbẹ́ ẹ̀?”

Òkìkíọlá kò jiyàn. “Ẹ má bínú, Màmá. Àṣìṣe mi ni.”

Ó gun àkàbà, ó gbé àwòrán náà dé abẹ́ àjà, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wà ní pálọ̀ ìgbà èwe wa, kí àgbà lè máa wo ẹni tó ń wọlé. Ó wá yí ọ̀kan nínú iná kéékèèké náà, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sí ojú Bàbá.

Ìyá jókòó sórí àga ìrókò. Ó wòkè pẹ́.

“Ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà,” ni ó wí. “Múyìwá, gbé àpótí mi padà sí yàrá.”

Inú Múyìwá dùn débi pé ó sin Òkìkíọlá dé géètì. Ó ní òun ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo ní Lẹ́kì.

“Wá máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló máa wá irú ẹ dé Pápá Àjàó?”

“Ẹ̀yin wá mi débẹ̀,” ni ó fèsì. “Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò fẹ́.”